Ta Ni Ń Díyelé Àgbàdo Wa?

Bí ènìyàn bá dé Kokomlemle ní ìlú Àkrá nínú oṣù kẹfà ọdún, tí ó sì dúró níwájú ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀ tí a ti ń ta oúnjẹ, yóò rí ohun kan tí àwọn ará àdúgbò náà ti rí títí tí kò fi jọ wọ́n lójú mọ́. Ìyá olójà a tú ẹnu àpò àgbàdo, a bù ú sínú asẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Ohun tí ó kọ́kọ́ jábọ́ kì í ṣe àgbàdo. Ìyẹ̀fun ni, funfun bí ẹfun, àti kòkòrò dúdú kéékèèké tí ń sá kiri. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá wọn ìyókù fún ẹni tí ó fẹ́ rà á, ní iye tí ó ju ti oṣù kẹsàn-án tí ó kọjá lọ dáadáa. Oníbàárà a kùn, ìyá olójà a ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. A dúró níbẹ̀, a gbọ́ àríyànjiyàn náà, a sì rò ó títí, a rí i pé òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ẹni tí ó díyelé àgbàdo náà kò sí láàárín àwọn méjèèjì. Inú àpò ni ó wà.

Kokomlemle kì í ṣe ibi àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àdúgbò tí ó bá a pààlà, tí à ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ nígbà àtijọ́, nítorí àwọn ará ilẹ̀ wa tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1983, ó kan àwọn ará Gánà láti jáde kúrò ní Nàìjíríà, wọ́n sì padà bá ọ̀dá, iná tí ó jó oko, àti ìyàn ní ilé. A kò mẹ́nu ba nǹkan wọ̀nyí láti tú ọgbẹ́ àtijọ́. A fẹ́ kí òǹkàwé wa rántí pé ebi ìhín àti ebi ọ̀hún, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àti pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ní Kokomlemle, ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Kutonu àti ní Lomé. Kòkòrò kò mọ ààlà tí òyìnbó fà.

Kí ni kòkòrò fi lè díyelé ọjà? Ooru ni ó fún un ní àṣẹ. Kòkòrò kò dà bí ènìyàn tàbí ewúrẹ́, tí ara wọn ń pa ooru kan náà mọ́ ní òru àti ní ọ̀sán, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ibi tí ó wà bá ti gbóná tó ni ara rẹ̀ ń gbóná tó. Bí ara rẹ̀ bá sì ti gbóná tó, títí dé àyè kan, ni ó ń yára jẹun tó, tí ó ń yára dàgbà tó, tí ó sì ń yára bímọ tó. Àwọn onímọ̀ ti fi òṣùwọ̀n Celsius wọn èyí. Bí ooru bá wà lábẹ́ dígírì 13, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò inú oúnjẹ kò lè dàgbà rárá. Láàárín dígírì 13 àti 25, wọ́n ń dàgbà ṣùgbọ́n wọ́n ń falẹ̀. Láàárín dígírì 25 àti 33 ni ayé wọn ti dùn jù lọ. Bí ó bá kọjá 35, ọ̀pọ̀ wọn kò lè bímọ mọ́. Bí ó bá dé 45, wọ́n a kú láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ó bá sì ju 50 lọ, ìṣẹ́jú ni a fi ń ka ọjọ́ ayé wọn.

Wàyí o, kí ni ooru ti Àkrá? Oṣù kẹjọ ni ó tutù jù níbẹ̀. Ọ̀sán rẹ̀ a máa tó dígírì 27 tàbí 28, òru rẹ̀ a sì máa sún mọ́ 22. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta tí ooru mú jù, ọ̀sán a máa dé 32 tàbí 33. Kí òǹkàwé fi iye wọ̀nyí wé ti òkè. Láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, ojú ọjọ́ Àkrá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí kòkòrò ń fẹ́ mu déédé. Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí ó ń sọ fún un pé kí ó sinmi.

Kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn tí ń jẹ àgbàdo, bí ooru bá wà ní dígírì 27 tí ọ̀rinrin sì wà nínú afẹ́fẹ́, ń gba nǹkan bí ọjọ́ 35 láti ìgbà tí ó wà nínú ẹyin títí di ìgbà tí ó tó bímọ. Níbi tí ó tutù, ó lè gbà ju 100 ọjọ́ lọ. Èyí tí ń jẹ ẹ̀wà tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abo rẹ̀ a máa lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà, ó sì lè yé tó 100. Ìdin a gbẹ́ inú èso náà wọlé, a jẹ ẹ́ láti inú, a sì fi ihò róbótó jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan tí olùkọ́ lè kọ sójú pátákó. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé abo kan ṣoṣo wọ inú àpò ẹ̀wà, pé 20 péré ni ó yè nínú ọmọ rẹ̀, àti pé 10 nínú wọn jẹ́ abo. Bí ìran kan bá ń gba oṣù kan, abo 10 ni yóò wà ní ìparí oṣù kìíní, 100 ní oṣù kejì, 1,000 ní oṣù kẹta, 10,000 ní oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú kí ìran kan gba oṣù mẹ́ta, abo 10 ni a ó ṣì máa kà ní ìparí oṣù kẹrin. Kòkòrò kan náà ni, ẹ̀wà kan náà ni. Ooru nìkan ni ó yàtọ̀. Ìṣirò lásán ni èyí, nítorí oúnjẹ lè tán kí iye náà tó pé, ṣùgbọ́n ó fi ojú ọ̀nà tí wàhálà ń gbà wọlé hàn wá.

Àwọn kan lè sọ pé ooru abẹ́ páànù tí ń jó ènìyàn lọ́sàn-án yẹ kí ó pa kòkòrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkà kì í jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá kíákíá, nítorí náà ẹ̀yìn àpò lè gbóná janjan kí àárín rẹ̀ máà mọ̀ pé oòrùn ràn. Àárín náà ni kòkòrò ń fi ṣe ilé. Bí wọ́n bá sì pọ̀ níbẹ̀, èémí wọn fúnra wọn a máa mú kí ibẹ̀ gbóná, a sì máa mú ọ̀rinrin wá, títí àgbàdo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ àárín àpò àgbàdo tí ó ti pẹ́, tí ó sì gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́, mọ ohun tí à ń wí.

Nígbà tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni bí ọkà ti ń pẹ́ nílé àwọn àgbẹ̀ wọn láìsí ariwo. A rò pé ọgbọ́n wọn ni. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù ni ẹ̀ṣọ́ àká wọn, òtútù kì í sì í gba owó oṣù. Ní Kánádà, àwọn àgbẹ̀ a máa fẹ́ atẹ́gùn òtútù sínú àká nígbà òjò-dídì, kòkòrò tí ó bá wà níbẹ̀ a sì kú tàbí kí ó dákú. Ohun tí ó yẹ kí á bi ara wa ni èyí: nígbà tí a gba òmìnira, Gánà ní 1957, Nàìjíríà ní 1960, ǹjẹ́ a bèèrè irú àká tí ó yẹ ilẹ̀ tí kò ní òtútù?

Àwọn aṣáájú wa mọ̀ pé ẹni tí kò lè tọ́jú ọjà kò lè dúró lórí iye tí ó fẹ́. Ìdí nìyí tí ìjọba Nkrumah fi kọ́ àwọn àká gìrìwò sí Tema, kí Gánà lè di kòkó rẹ̀ mú nígbà tí owó rẹ̀ bá já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé, bí ó ti já ní 1965. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n a kò lo àwọn àká náà fún kòkó tí a torí rẹ̀ kọ́ wọn. Èrò pé kí á tọ́jú ọjà kò tó. Ìmọ̀ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ oòrùn tiwa gbọ́dọ̀ bá a rìn. Àká onírin tí ń gbóná lọ́sàn-án tí ó sì ń tutù lóru a máa la òógùn sínú ara rẹ̀, omi náà a sì kán sórí ọkà.

Bí ẹni pé àwọn kòkòrò ilé kò tó, àjèjì kan tún dé. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Prostephanus truncatus. Mẹ́síkò àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ó yọjú ní Tansaníà ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé inú ọkà tí a kó wá láti òkè òkun ni ó bá wọlé. Ní 1984, a rí i ní Tógò. Ní 1989, ó ti wà ní Gánà. Dígírì 32 pẹ̀lú ọ̀rinrin púpọ̀ ni ó fẹ́ràn jù, bí ó bá sì rí i, nǹkan bí ọjọ́ 25 ni ó fi ń dàgbà. Ó ń gbẹ́ igi, ó ń sọ àgbàdo di ìyẹ̀fun, ó sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí a fi ń ṣe láfún, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní kokonte. Ní Tógò, nínú àká àwọn àgbẹ̀ tí ó wọ̀, nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo ni ó ń ṣòfò láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó kó àpò mẹ́wàá pamọ́, méje ni ó bá.

A kò ní ṣàìsọ iṣẹ́ rere tí a ṣe sí i. Ní 1991, àwọn onímọ̀ tú kòkòrò mìíràn sílẹ̀ ní Tógò, èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ilé, lẹ́yìn náà ní Benin àti ní Gánà, kí ó lè máa pa á jẹ. Ó ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò pa àjèjì náà run. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Àká fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ owó. Ní gúúsù Gánà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ìkórè àgbàdo ńlá ń wọlé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Àgbẹ̀ mọ̀ dájú pé bí òun bá lè fi sùúrù dúró di oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, owó tí òun yóò gbà yóò pọ̀. Ó tún mọ̀ pé kòkòrò kò ní bá òun dúró. Nítorí náà ni ó ṣe ń tà nígbà tí gbogbo ènìyàn ń tà, ní iye tí ẹni tí ó ní ọkọ̀ bá pè. Alágbàtà tí ó rà á mọ bí ọ̀ràn ti rí. Ó ń fi iye tí kòkòrò yóò jẹ kún iye tí yóò tà á. Ní oṣù kẹfà, àgbẹ̀ kan náà tí ó ti ta ohun gbogbo a padà wá sí ọjà láti fi owó ńlá ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó kan ìjọba pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí á kó 42,000 tọ́ọ̀nù ọkà jáde láti inú àká ìjọba nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, nígbà tí ọ̀dá mú ní àríwá Gánà, ìjọba ibẹ̀ fi òfin de kíkó àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀wà sóyà jáde kúrò nílùú. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n òfin tí ó bá dá ọkà dúró nílé, tí kò sọ ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí, kòkòrò ni ó ń pèsè fún.

Nígbà tí ìjọba kò sọ̀rọ̀, ọjà a máa wá oògùn fúnra rẹ̀, oògùn náà a sì di àrùn. Àwọn oníṣòwò kan ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í da májèlé apakòkòrò olómi tí kò yẹ oúnjẹ sórí ẹ̀wà. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó parapọ̀ kọ ẹ̀wà gbígbẹ ti Nàìjíríà, nítorí májèlé dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀, ìfòfindè náà sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà náà pé òyìnbó kọ ọjà wa. Ohun tí ó yẹ kí ó bí wa nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀, ọmọ wa ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà mìíràn wà, kò sì jìnnà sí wa. Bí ooru bá jẹ́ ọ̀rẹ́ kòkòrò láàárín dígírì 25 àti 33, ọ̀tá rẹ̀ ni bí ó bá kọjá 50, oòrùn tí ó sì lè mú nǹkan gbóná dé ibẹ̀ ń ràn sórí wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé bí ẹ̀wà bá dé dígírì 57 fún wákàtí kan, ẹyin, ìdin àti àgbà kòkòrò inú rẹ̀ ni yóò kú. A ó tẹ́ ẹní, a ó tẹ́ rọ́bà dúdú lé e, a ó tú ẹ̀wà sórí rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó fi rọ́bà funfun tí ó mọ́ gaara bò ó, a ó sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Sísá lásán láìbò ó kò tó. Àgbà kòkòrò a sá lọ, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tí ó wà nínú èso kò ní ibi tí yóò sá sí.

Lẹ́yìn èyí ni kí á dí i pa. Kòkòrò ń mí bí àwa náà ti ń mí. Bí afẹ́fẹ́ bá tán mọ́ ọn nínú, kò lè jẹun mọ́, ooru yòówù kí ó mú. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń rọ ẹ̀wà kún kèrègbè dé ẹnu, tí wọ́n sì ń dí i pinpin. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú àpò aláwọ̀ mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí pẹ̀lú àwọn ará Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980: rọ́bà méjì nínú, àpò lásán lẹ́yìn, a sì so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti 2007 ni a ti ń tan lílò rẹ̀ kálẹ̀ gidigidi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò nílò májèlé, kò nílò iná mànàmáná. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè, pé kí ọkà gbẹ dáadáa kí á tó dí i.

Ọ̀ràn yìí kò ní rọrùn síi bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ayé ń gbóná. Ní ibi tí ó ti ń gbóná ju 35 lọ, kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn lè dín kù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà, irú èyí tí ń jẹ ìyẹ̀fun, tí dígírì 35 dùn mọ́ wọn. Ní orí òkè bíi ti Jos, níbi tí òtútù òru ti ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀, ìrànlọ́wọ́ náà lè dín kù.

Nítorí náà, a ń béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìjọba ní Àkrá àti ní Àbújá. Kí owó tí a ń ná lórí ajílẹ̀ àti irúgbìn máà dá wà láìsí owó àpò tí a lè dí pa fún àgbẹ̀ kékeré. Kí a máa wọn ooru inú àká ìjọba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì kéde rẹ̀ fún aráàlú bí a ti ń kéde iye àpò tí ó wà níbẹ̀. Kí a máa yá àgbẹ̀ lówó lórí ọkà tí ó bá kó pamọ́ dáadáa, kí ó má baà di dandan fún un láti tà ní oṣù kẹsàn-án.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ wá ìgò mẹ́ta, ẹ rọ ẹ̀wà ọjà tí kòkòrò ti wọ̀ sínú gbogbo wọn. Ẹ fi aṣọ bo ẹnu èkíní, kí ó wà nínú kíláàsì. Ẹ fi aṣọ bo ẹnu èkejì, kí ó wà nínú ẹ̀rọ amóhuntutù bí ẹ bá ní. Ẹ rọ ẹ̀wà kún ẹ̀kẹta dé ẹnu, kí ẹ sì dí i pinpin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ihò tí ó wà lára èso 100 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì mú un lọ han àwọn òbí wọn. Ìyá olójà Kokomlemle yóò lóye rẹ̀ ju ìwé ìjọba lọ, nítorí òun ni ó ń gbọn asẹ́ láràárọ̀.